Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tí Wọ́n Fi Ìgbọ̀nwọ́ Wọ̀n

Kí Ọdẹ́níran, bàbá ọdẹ, tó ya ẹnu sọ ìtàn yìí, á kọ́kọ́ ní kí gbogbo ẹni tó jókòó ka ìka ọwọ́ ara rẹ̀. Bí kálukú bá kà á tán, tó pé mẹ́wàá, á wá na ọwọ́ òsì tirẹ̀ síta, èyí tí ọmọ ìka ìkẹyìn kò sí níbẹ̀ mọ́, á ní, "Ẹni tí ìka rẹ̀ bá pé mẹ́wàá kò tíì dé ibi tí mo dé. Kí ó panu mọ́, kí ó gbọ́." Abẹ́ igi ayùnrẹ́ tó wà ní abà ló ti máa ń sọ ọ́, àwa náà á sì sún mọ́ ọn lórí ebè. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti rí abà náà kẹ́yìn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bàbá náà máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ àwọn ìtàn rẹ̀ yòókù, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín nídìí èyí rí. Inú bíbí ló fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, inú bíbí náà ló sì fi ń parí rẹ̀.

Ìlú Ìdó-Ẹrẹ̀ ni wọ́n ti bí i, létí odò. Ní ìlú yẹn, ọdẹ tó bá pa ẹran kì í fi ìwo ṣe ẹ̀rí, kì í fi awọ ṣe é. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹran náà ni yóò gbé wá sí àgọ́ ọdẹ, kí Jagun Láwóyin, tí í ṣe olórí wọn, gbé e kọ́ sí àjà. Ibi tí Jagun bá gbé e kọ́ sí ló di orúkọ ẹran náà títí láé. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò kò sì ju ọ̀kan lọ, ìgbọ̀nwọ́ Jagun ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò bá gùn tó àtẹ́lẹwọ́, ti ọ̀yà àti ẹbí rẹ̀ ni. Èyí tó bá dé ìdajì apá, ó di ti ẹtu. Èyí tó bá ní eyín ṣóńṣó, tó sì gùn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, ọ̀nì ni, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bàbá Jagun ló bá a bẹ́ẹ̀, bàbá bàbá rẹ̀ ló sì dá a sílẹ̀.

Àwẹ̀ró, ìyá Ọdẹ́níran, ni olórí Ilé Olọ́nì. Ìdílé yìí ni ó ń tọ́jú àwọn ọ̀nì tó wà nínú ibú ẹ̀yìnkùlé wọn; ẹnikẹ́ni ní Ìdó-Ẹrẹ̀ kò sì gbọdọ̀ pa ọ̀nì. Méjì ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Akọ wọn ti di àwátì láti ọyẹ́ tó kọjá, abo ló ṣẹ́kù, Arẹwà lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan ni Àwẹ̀ró máa ń gbé abọ́ ìfun ẹja lọ bá a. Arẹwà á gbé orí sókè nínú omi, á jẹun, á sì padà sísàlẹ̀. Kò ṣẹ̀ ẹ̀dá kan rí.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, odò kún àkúnya. Ó gbé Àyọ̀ká lọ, ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ-ọmọ Baálẹ̀ Olúgbọ́dẹ. Wọ́n wá a fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn kò rí i. Ní ọjọ́ kẹrin ni bèbè odò ya lulẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ dúdú kan sì yọ láti inú ilẹ̀, ó gùn bí apá àgbàlagbà, ó wúwo bí ọlọ. Ọdẹ́níran fúnra rẹ̀ ló gbé e gòkè. Òun náà ló ki ọwọ́ bọ àárín eyín rẹ̀, tó fa ohun tó há síbẹ̀ yọ. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ ìdí Àyọ̀ká ni.

Jagun na apá rẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Ó ju ìgbọ̀nwọ́ lọ. Ó ní ọ̀nì ni, ó sì ní akọ ọ̀nì Àwẹ̀ró tó sọnù ni: òun ló gbé ọmọ náà jẹ, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ló sì pa á. Ọdẹ́níran bi í pé báwo ni ẹran tó jẹun ní ìjẹrin ṣe kú, tó jẹrà, tí eegun rẹ̀ sì ti di òkúta. Jagun dáhùn pé ẹrẹ̀ ló mu ún. Ọdẹ́níran ní ẹrẹ̀ ti ń mu ẹsẹ̀ Jagun láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kí ló dé tí kò tíì di òkúta? Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ló sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́, nítorí ìyá ọmọ náà jókòó níbẹ̀.

Ìdájọ́ Baálẹ̀ ni pé kí wọ́n pa Arẹwà, kí Ilé Olọ́nì kó kúrò létí odò pátápátá, kí Àwẹ̀ró sì fi ìlú sílẹ̀. Ọdẹ́níran dọ̀bálẹ̀. Ó tọrọ àyè, ó ní òun yóò lọ wádìí ẹni tó ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ iwin ni. Baálẹ̀ wo ìlẹ̀kẹ̀ Àyọ̀ká tó mú lọ́wọ́ títí, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kó lọ, kó padà kí wọ́n tó jẹ iṣu tuntun, pé títí di ọjọ́ náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibú.

Nígbà tó ń dágbére fún ìyá rẹ̀, ìyá náà ní, "Níran, rọra. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀."

Ó ní, "Ìyá mi, tèmi lẹ́sẹ̀. Méjì nìyí, àdá sì ni ìkẹta."

A kì í gbọ́ bí ó ṣe rìn. Á kàn ní òun rìn títí ilẹ̀ fi ń dún bí àwo lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, tí àwọn òkúta ojú ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní eyín, òun wá mọ̀ pé òun ti dé Igbó Òkúta-Eléyín, níbi tí àwọn ẹranko tó ti kú tán láyé ṣì ti ń gbé.

Ẹbọra kan ló ń ṣọ́ ẹnu ibodè. Kò ní orí, kò ní ikùn. Apá méjì ni lórí kùkùté ọrùn, ẹnu sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Onígbọ̀nwọ́ ni wọ́n ń pè é. Kò béèrè orúkọ, kò béèrè ìlú. Ó na apá lé Ọdẹ́níran láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, ó ní ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin dín díẹ̀, ó sì jù ú sínú ọgbà àwọn gígùn.

Ẹ̀yin ará, Ọdẹ́níran rí ìwọ̀sí níbẹ̀. Ẹyẹ àkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn wà nínú ọgbà náà, erè wà níbẹ̀, ọ̀pá ìtukọ̀ wà níbẹ̀, ọmọ odó wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì ń pe ara wọn ní ẹbí. Ọmọ odó kí i káàbọ̀, ó pè é ní ọmọ bàbá òun. Erè ní ojú rẹ̀ jọ ti ẹ̀gbọ́n òun tó kú. Ọdẹ́níran ní òun ti bá ẹkùn wọ̀jà rí tí ẹkùn fi sunkún, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dun òun tó kí ọmọ odó máa fi ọwọ́ gbá òun lẹ́yìn pé "àbúrò mi, farabalẹ̀." Obìnrin gíga kan wà ní igun ọgbà, ènìyàn bíi tirẹ̀. Ó sọ fún un pé òun àti èkejì òun ni wọ́n jọ wá, ìbejì ni wọ́n. Èkejì òun kúrú. Ó ti pé ọdún méje tí Onígbọ̀nwọ́ ti fi í sínú ọgbà àwọn kúkúrú pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọ́ àti àpótí ìjókòó, tó sì ti kìlọ̀ fún òun pé kí òun má pè é ní ọmọ ìyá òun mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ló bí Ọdẹ́níran nínú. Ó rántí apá Jagun lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Ó dìde, ó ké sí ẹbọra náà láti inú ọgbà, ó bi í pé nínú apá rẹ̀ méjèèjì, èwo gan-an ni òṣùwọ̀n. Apá ọ̀tún ní òun ni. Apá òsì ní irọ́ ni, òun ni. Ọdẹ́níran ní ọ̀rọ̀ kò le, kí wọ́n wọn ara wọn wò. Wọ́n wọn ara wọn. Òsì fi èékánná kan gùn ju ọ̀tún lọ.

Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Òsì, ọgbà gígùn ni tìrẹ. Ọ̀tún, máa lọ sí ti kúkúrú. Láti òní lọ, ẹ kì í ṣe ara kan náà mọ́."

Ìjà dé. Apá ọ̀tún gbá òsì létí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní etí. Òsì fún ọ̀tún lọ́rùn ọwọ́. Wọ́n yí gbirigbiri wọ inú igbó lọ, wọ́n sì gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ọdẹ́níran fi í ṣí ilẹ̀kùn ọgbà, obìnrin gíga náà sì sáré gba ọ̀nà ọgbà àwọn kúkúrú lọ, ó ń pe orúkọ èkejì rẹ̀. Kò yà dúpẹ́. Ọdẹ́níran ní ohun kan ṣoṣo tí kò bí òun nínú nínú igbó yẹn nìyẹn.

Ó rìn síwájú, ó dé etí adágún funfun kan tó dà bí iyọ̀ tó ti dì. Ẹranko mẹ́ta na ara sí etí rẹ̀, ẹnu wọn gùn bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, eyín kún un. Ti àkọ́kọ́, ihò imú rẹ̀ wà lẹ́bàá ojú, bí ẹni pé wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Èkejì kò ní ẹsẹ̀ tó ṣe é fi rìn, àjẹ̀ bíi ti ọkọ̀ ló wà níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ìrù rẹ̀ sì rí bíi ti ẹja. Ìkẹta ki pọ́pọ́, àgbọ̀n rẹ̀ nípọn. Ọdẹ́níran rò pé ìwà ọmọlúàbí ni òun ń hù. Ó tẹríba, ó ní, "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọ̀nì."

Èébú ńlá ló bú wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Onímú-lẹ́bàá-ojú bi í pé ta ni ọ̀nì nínú ilé bàbá òun. Alájẹ̀ ní bí òun bá jẹ́ ọ̀nì, kí ó fi èékánná òun han òun. Ìkẹta kò sọ nǹkan kan, ẹnu ló yà. Ibi tí wọn ì bá ti pín Ọdẹ́níran mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni ohùn kan ti ní kí wọ́n dúró.

Arúgbó kan ló ń sọ̀rọ̀, eyín kan kò sí lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó sórí òkìtì eegun láàárín adágún, ó ń ṣa ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, ó ń sọ èyí sọ́tùn-ún, ó ń sọ tọ̀hún sósì. Ìyá Olókìtì ni. Ó bi Ọdẹ́níran pé kí ló rí lára wọn tó fi pe gbogbo wọn ní ọ̀nì. Ọdẹ́níran ní ẹnu wọn gùn ni.

Ìyá náà ní, "Apẹja ìlú rẹ àti apẹja ìlú mìíràn, àwọn méjèèjì mú àwọ̀n dání. Ṣé ìyá kan náà ló bí wọn?"

Ọdẹ́níran ní rárá.

"Ẹja ló fa ẹnu àwọn wọ̀nyí gùn. Ẹnu tó nípọn, omi a máa dá a dúró; èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ a máa yá. Ẹni tó bá ti ń lé ẹja láti ìran dé ìran, ẹnu rẹ̀ á gùn, ẹni yòówù kó bí i. Iṣẹ́ wọn ló jọra, ẹ̀jẹ̀ wọn kò papọ̀. Èèpo ẹ̀pà jọ pósí ẹ̀lírí. Ẹ̀lírí mélòó lo ti rí tí wọ́n sin sínú rẹ̀?"

Lẹ́yìn náà ló mú un jókòó sórí òkìtì, ó sì ń kọ́ ọ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ó ní kó má wo ibi tí ẹnu parí sí, kó wo ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti ti òsì ti pàdé. Ní ti ọ̀nì, wọ́n so pọ̀ níwájú, ṣùgbọ́n wọn kì í kọjá eyín karùn-ún kí wọ́n tó yà bíi pàlàkà igi. Eyín kẹrin rẹ̀ sì máa ń tóbi ju àwọn alábàágbé rẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn wà tí ọ̀tún àti òsì wọn lẹ̀ pọ̀ lọ réré kó tó yà. Ó ní kó ka eyín, kó fi ọwọ́ wá àyè tó wà láàárín wọn, nítorí ojú a máa rí gígùn, ọwọ́ ló ń rí ìdílé.

Ọdẹ́níran dúpẹ́, ó fẹ́ dìde. Ìyá Olókìtì ní kò tíì san èébú tó bú àwọn onílé. Ó fi ewé dì í lójú, ó ní kó ki ọwọ́ òsì bọ ẹnu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sọ ohun tó bá níbẹ̀. Bó bá ṣì í sọ, onílé yóò pa ẹnu dé.

Ó ki ọwọ́ bọ ti àkọ́kọ́. Ṣóńṣó ẹnu náà wú bí orí ṣíbí, eyín ńláńlá sì rọ̀gbà yí i ká. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní èyí kì í ṣe ọ̀nì, ilé tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹnu náà jẹ́ kó yọ ọwọ́. Nígbà tó dé ti èkejì, ìbínú ti gùn ún. Ọjọ́ ń lọ, iṣu ń ta ní Ìdó-Ẹrẹ̀, àwọn wọ̀nyí sì ń fi òun ṣeré. Ìka rẹ̀ kan gígùn, kò dúró ka eyín, ó ní ọmọ ìyá ẹni àkọ́kọ́ ni. Kó tó pa ẹnu dé, alájẹ̀ ti pa tirẹ̀ dé. Ọmọ ìka lọ. Bó bá dé ibí yìí, Ọdẹ́níran á ní alájẹ̀ tu ìka náà dànù lẹ́yìn náà, ó ní ó korò ju ewúro lọ, àti pé ẹja inú adágún tó jẹ ẹ́ ṣì ń bínú títí di òní.

Ó fi ewé di ojú ọgbẹ́. Ó tún ki ọwọ́ náà bọ ẹnu kan náà, tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, kò sì bínú mọ́ ju bó ti yẹ lọ. Ó ka eyín: wẹ́wẹ́ ni wọ́n, wọ́n tò bí eyín òòyà, ọ̀kan kò tóbi ju èkejì lọ. Ó tọrọ gáfárà, ó sì sọ òtítọ́.

Ó wá kan ìkẹta. Ọ̀tún àti òsì lẹ̀ pọ̀ lọ réré. Ó kà á: ọ̀kan, èjì, títí dé ẹ̀fà. Lẹ́yìn ìkẹfà àyè kan wà tó fẹ̀, ìka wọ inú rẹ̀. Ìkeje wá kéré, ó fara ti ìkẹjọ bí àbúrò tó fara ti ẹ̀gbọ́n. Ọdẹ́níran tún un kà. Ìka rẹ̀ ti dé ibẹ̀ rí. Inú àyè yẹn gan-an ni ìlẹ̀kẹ̀ Àyọ̀ká há sí.

Ó ní, "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ará ilé yín kan wà ní ìlú wa. Wọ́n ní ó pa ọmọ jẹ."

Ẹranko náà ní, "Kí odò yín tó mọ ọ̀nà la ti kú tán. Òkun ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Ta ni à bá jẹ? Ẹnikẹ́ni nínú yín kò tíì sí."

Nígbà tí Ọdẹ́níran padà dé Ìdó-Ẹrẹ̀, iṣu tuntun ku ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé. Ó bá ìyá rẹ̀ létí ibú, abọ́ ìfun ẹja wà lórí itan rẹ̀, eṣinṣin ti bò ó. Ibú náà pa rọ́rọ́. Kó tó béèrè, ìyá náà ti sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ kẹta tí o lọ ni wọ́n pa á. Jagun ní àwọn ò lè dúró de wèrè."

Ọdẹ́níran ní ọjọ́ náà ni òun mọ̀ pé gbogbo inú tó ti ń bí òun láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, eré ni. Ó fa àdá yọ nínú àkọ̀, ó wò ó, ó dá a padà. Ó ní bí òun bá bẹ́ Jagun lórí, orí tí kò ronú rí lòun bẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà á sì wà níbi tó wà. Ó lọ sí iwájú ilé Baálẹ̀, ó ní kí wọ́n pe ìlú jọ.

Ìlú pé. Wọ́n gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ dúdú náà jáde. Jagun rí ọwọ́ òsì Ọdẹ́níran, ó kí i kú àbọ̀ pé àwọn ọdẹ yòókù a máa fi ẹran kún ilé, ọ̀rẹ́ òun ń fi ara rẹ̀ kún igbó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́níran ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tí gbogbo ìlú gbà pé ti ọ̀nì ni, tí kò sí iyàn níbẹ̀. Àwọn ọdẹ wo ara wọn. Wọn kì í pa ọ̀nì ní Ìdó-Ẹrẹ̀. Àwọn tó wà ní àjà, ẹni tó ṣà wọ́n nígbó ló ṣà wọ́n, ìgbọ̀nwọ́ ló sọ wọ́n lórúkọ. Jagun ló dìde. Ó wọ àgọ́ lọ, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan jáde tí ẹran kò tíì tán lára rẹ̀, ó ní, "Èyí nìyí. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa á."

Ti Arẹwà ni. Àwẹ̀ró wà láàárín èrò.

Ọdẹ́níran to ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì síwájú Baálẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ kó di ojú, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kà á. Baálẹ̀ mú ti Arẹwà. Ó ka eyín, gbogbo ìlú gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìkẹrin tóbi, ó dúró lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìkarùn-ún, ọ̀tún àti òsì yà. Ó wá gbé ọwọ́ lé ti òkúta. Ó kà, ó kà, kò yà. Nígbà tó dé ìkẹfà, ìka rẹ̀ bọ́ sínú àyè náà, ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀ há sí, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀, ojú ní dídì. Ọdẹ́níran sọ ohun tí ẹranko náà sọ fún un, wẹ́rẹ́, kò fi kún un, bàbá tí kì í sọ ìtàn kó má bù mọ́ ọn.

Nígbà tí Baálẹ̀ máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò dé ẹ̀yìn èrò.

"Omi ló gbé ọmọ mi lọ, omi náà ló fi ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ há síbẹ̀. Kò sí ẹni tí mo lè bá bínú."

Ó ní kí Ilé Olọ́nì máa gbé ilẹ̀ wọn, kí Àwẹ̀ró jókòó ti ilé rẹ̀. Ìlú ń retí kí Ọdẹ́níran dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe. Kò dọ̀bálẹ̀. Ó wọ àgọ́ ọdẹ, ó fi àdá gé gbogbo okùn àjà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìran mẹ́ta sì dà sílẹ̀ gbàràgàdà. Ó ní kí Jagun wọlé, kí ó jókòó, kí ó máa ka eyín. Jagun wo ojú Baálẹ̀. Baálẹ̀ kò wo tirẹ̀. Jagun jókòó. Láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn fi rẹlẹ̀ ni olórí ọdẹ Ìdó-Ẹrẹ̀ fi ń ka eyín bí ọmọ ilé-ìwé. Bó bá ṣì í kà, Ọdẹ́níran á ní kó tún un kà. Èyí tí wọ́n ti ń pè ní ọ̀yà láti ayé bàbá rẹ̀ di àwọ́nrínwọ́n. Àwọn kan kò sì ní orúkọ rárá, wọ́n kó wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún, kò sí ohun tó fi ń ṣe.

Ó ku ẹyọ kan. Jagun gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Arẹwà sókè lọ́wọ́ méjèèjì. Kò sí iyàn nínú tirẹ̀. Ó gbójú sókè sí àjà tó ti ṣófo, ó béèrè jẹ́jẹ́ pé ibo ni kí òun gbé e kọ́.

Àwẹ̀ró ti wà lẹ́nu ọ̀nà, a kò mọ ìgbà tó dé. Ó ní, "Jagun, má gbé e kọ́. Mú un dání."

Jagun mú un dání. Àwọn èrò ń tú ká lọ sílé ní méjì-méjì, Ọdẹ́níran náà bá ìyá rẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tó sọ fún Jagun ìgbà tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀.